Bí A Ṣe Ń Ra Òkìríkà Tí Yóò Pẹ́ Lára

Ẹni tó ra ṣẹ́ẹ̀tì òkìríkà mẹ́wàá ní ẹgbẹ̀rún kan náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló rí wọ̀ nínú wọn, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló fi ra ṣẹ́ẹ̀tì kan. Mẹ́sàn-án yòókù á wà nínú àpótí títí eku á fi sọ ọ́ dilé, tàbí kí wọ́n bá pàǹtírí lọ sí ààtàn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé iye ìgbà tó bá wọ aṣọ ni kó fi mọ̀ bóyá ó rà á ní ọ̀pọ̀ tàbí ó rà á lọ́wọ̀n-ọ́n.

Ká fi ìṣirò díẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun kan ní ₦12,000, tí kọ́là rẹ̀ ká, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣí lẹ́yìn tí ẹ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. ₦800 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan ná yín. Ká tún ní ẹ rí ṣẹ́ẹ̀tì òkìríkà tó jẹ́ ojúlówó òwú ní ₦4,000, ẹ fún ọbíọmá, ìyẹn télọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ kiri, ní ₦1,000 kó bá yín fún un ní ẹ̀gbẹ́, ẹ sì wọ̀ ọ́ nígbà àádọ́ta. ₦100 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, tó tún ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, yóò mọ ohun tí èyí máa já sí kí ọdún tó yí po.

Ilẹ̀ àti omi náà ní èrè tiwọn níbẹ̀. Òwú a máa mu omi gan-an. WWF, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká àti ohun abẹ̀mí, ṣírò rẹ̀ pé omi tó ń bá tíṣẹ́ẹ̀tì olówùú kan lọ, láti inú oko títí tó fi di aṣọ, tó lítà 2,700. Ẹ fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí àwọn mẹ́rúwà ń tì kiri àdúgbò: kẹ́ẹ̀gì 108 ni, fún tíṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ti ṣòkòtò jíǹsì tó lítà 7,500 nínú ìṣirò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń lò, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 300. Adágún Aral tó wà láàárín Kazakhstan àti Uzbekistan wà lára àwọn adágún tó tóbi jù lọ láyé nígbà kan. Láti àwọn ọdún 1960 ni ìjọba Soviet ti ń ya àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ lọ sí oko òwú, títí apá tó pọ̀ jù nínú adágún náà fi gbẹ, tí ọkọ̀ apẹja wá gúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Polísítà ní tirẹ̀ kò mu omi tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ inú epo rọ̀bì ló ti jáde. Bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, fọ́nrán ike wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí ń bọ́ sínú omi, bí ẹ bá sì jù ú nù, kì í jẹrà bọ̀rọ̀.

Aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ kí ẹ tó rà á, omi rẹ̀ àti epo rẹ̀ ti lọ ná. Bí ẹ bá rà á dípò èyí tuntun, ẹ ti dá omi kan sí. Mo fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ "dípò" yìí mú dáadáa, nítorí òun ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé. Bí ẹ bá ra òkìríkà kún èyí tuntun, ilẹ̀ kò jèrè kankan, ẹ kàn sọ ilé yín di ibùdókọ̀ tí aṣọ ń dúró sí kó tó dé ààtàn ni. Ẹni tó bá ti dé ọjà Kantamanto ní Àkrà mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀kan nínú àwọn ọjà òkìríkà tó tóbi jù lágbàáyé ni, iná ńlá jó o ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù January ọdún 2025, àwọn ọlọ́jà sì tún un kọ́. Ọwọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀ dá púpọ̀, wọ́n mọ bí a ṣe ń tú aṣọ rán di òmíràn. Síbẹ̀, èyí tí kò ṣeé tà nínú ohun tó ń wọlé sí wọn pọ̀ débi pé ó ń dí gọ́tà, ó ń wọ inú ọ̀sà Korle, òkun sì ń pọ̀ ọ́ sí etí bèbè ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká rà á bó ṣe yẹ.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ tú àpótí yín kí ẹ tó tú ìdì ọlọ́jà

Ẹ kó gbogbo aṣọ yín jáde sórí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí ẹ kò bá wọ̀ láti ìgbà ọdún tó kọjá, ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ sì wo ohun tó fà á. Ṣé ó ti há ni? Ṣé bọ́tìnnì rẹ̀ já? Àbí kò sí ṣòkòtò tó bá a mu? Lọ́pọ̀ ìgbà, aṣọ tí ẹ fẹ́ lọ rà wà nílé, abẹ́rẹ́ àti òwú ló ń wá.

Ẹ wá kọ ohun tó kù tí ẹ nílò ní tòótọ́ sínú ìwé tàbí fóònù: ṣòkòtò dúdú kan fún iṣẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì, súwẹ́tà ọmọ fún ìgbà ọyẹ́. Kí ẹ kọ àwọ̀ àti ìwọ̀n mọ́ ọn. Ojú ọjà a máa tan èèyàn, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń pariwo "gbàǹjo, gbàǹjo". Ẹni tó bá ní ohun tó kọ lọ́wọ́ kì í déédéé bá kóòtù onírun padà sílé ní Ìbàdàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibi tí ẹ máa lọ, àti àsìkò tí ẹ máa dé ibẹ̀

Ní Èkó, Kàtàngúwà lápá Abúlé Ẹ̀gbá ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kéékèèké ti ń ra bélì, ìyẹn ìdì aṣọ ńlá. Ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ ń kún dẹ́múdẹ́mú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ti Yábàá kò ní ọjọ́ kan pàtó, ẹsẹ̀ kì í dá níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, ẹ béèrè Ògùnpa. Ẹni tó wà ní Kùtọnu mọ Missèbo, ẹni tó wà ní Lómè mọ Hédzranawoé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ni ọjà tiyín. Oxfam ti ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní ìlú Oxford láti ìparí àwọn ọdún 1940, Goodwill sì ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1902, Boston ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí èyí tó wà ní àdúgbò àwọn olówó, nítorí aṣọ àdúgbò ni wọ́n máa ń kó wá síbẹ̀. Ohun tí irú àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí kò bá rí tà, àwọn oníṣòwò ń rà á ní òṣùwọ̀n kílò, wọ́n á fi ẹ̀rọ fún un mọ́ra di bélì tó sábà máa ń wọn nǹkan bíi kílò 45 sí 55, ọkọ̀ òkun á sì gbé e wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ṣeé ṣe kí ṣẹ́ẹ̀tì tí àbúrò yín fi tọrẹ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù wà lórí àtẹ tí ẹ dúró sí ní Yábàá.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà ọjọ́ tó máa já bélì. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni "fáàsì" ń jáde, èyí tí kò ní àbùkù, owó rẹ̀ sì ń ga. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, èyí tó kù á di òkìtì lórí tapólìn, iye kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ lọ láàárọ̀ fún aṣọ iṣẹ́ àti kóòtù, kí ẹ lọ nírọ̀lẹ́ fún aṣọ ilé àti ti ọmọdé, nítorí ọmọ á ti dàgbà kúrò nínú rẹ̀ kó tó gbó.

Ẹ mú téèpù télọ̀ dání. Ẹ mú ṣẹ́ẹ̀tì tàbí gáùn kan tó bá yín mu gan-an, kí ẹ lè tẹ́ ẹ lé èyí tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ wọ tíṣẹ́ẹ̀tì tó lẹ̀ mọ́ra àti ṣòkòtò pẹlẹbẹ, torí pé kò sí yàrá ìwọṣọ lọ́jà, orí aṣọ tó wà lọ́rùn yín lẹ máa wọ̀ ọ́ lé. Owó kékeré ni kí ẹ mú, kí ẹ pín in sí àpò méjì.

Bó bá jẹ́ lórí Instagram tàbí WhatsApp lẹ ti ń rà á, àwọn àgbà ní ẹni tó ní òun máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ẹ wo bí ọlọ́jà náà ṣe ń ya àwòrán ọjà rẹ̀. Ẹ ní kó ya abíyá, kọ́là àti ìdí ṣòkòtò lójú oòrùn, kó sì fi téèpù wọn àyà àti ìbàdí fún yín. Ẹni tó bá ń sọ pé "size 12 ni" tí kò fẹ́ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yí inú aṣọ síta

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú, ibí náà sì ni owó ń ṣòfò sí. Ẹ gbé aṣọ náà kúrò lábẹ́ agboòrùn ọlọ́jà, ẹ bọ́ síta gbangba, ẹ yí inú rẹ̀ síta.

Abíyá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó sì le bíi páálí lábẹ́ ìka, òógùn àti ohun tí wọ́n ń fi pa abíyá ló ti wọ inú òwú. Kò ní lọ, ibẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ ya. Ẹ gbé e padà, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́là. Ẹ fi èékánná yín tọ ibi tí kọ́là ti ṣẹ́ po. Bí fọ́nrán funfun bá ń yọ níbẹ̀, ó ti fẹ́ là. Bí gbogbo ara aṣọ tó kù bá dára, ẹ lè rà á ní ẹ̀dínwó, nítorí télọ̀ tó mọ iṣẹ́ lè tú kọ́là náà kó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Iṣẹ́ àtijọ́ ni, àwọn bàbá wa tó ṣiṣẹ́ ìjọba mọ̀ ọ́n dáadáa.

Fún ṣòkòtò, ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ ya ìka níbi ìpàdé ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ gbé e sókè sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú rẹ̀ wọlé ní tótòtó bí ojú asẹ́, ó ti jẹ tán nìyẹn, ìgbà díẹ̀ tí ẹ bá jókòó nínú ọkọ̀ ni yóò fi ya. Bí ìdí tàbí orúnkún kóòtù àti ṣòkòtò rẹ̀ bá ń dán, áyọ́nù àti ìjókòó ló dán an, kò sí ohun tó lè mú un kúrò.

Ẹ fa síìpù lọ sókè sódò, kó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ na rọ́bà ìbàdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí: bó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, rọ́bà inú rẹ̀ ti gbẹ. Aṣọ onírun àgùntàn, ẹ wá ihò róbótó kéékèèké tí kòkòrò jẹ. Ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Òórùn bélì tí gbogbo wa mọ̀ kì í ṣe nǹkan, omi àti oòrùn á gbé e lọ. Òórùn èébu tútù ni kí ẹ sá fún, pàápàá bí ẹ bá rí àmì dúdú wínníwínní lára aṣọ náà.

Bí bọ́tìnnì kan bá sọnù, ẹ má tíì gbé e sílẹ̀. Ẹ wo inú ṣẹ́ẹ̀tì náà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ibi tí bọ́tìnnì tó gbẹ̀yìn wà, tàbí lára lébẹ́ẹ̀lì tó wà ní ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó ń rán aṣọ dáadáa máa ń rán bọ́tìnnì kan tàbí méjì síbẹ̀ fún ọjọ́ báyìí. Ẹ tún wo àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì oníla tàbí ti onígun mẹ́rin: bí ìlà àpò bá bá ìlà ara aṣọ mu géérégé tí ẹ kò fi mọ ibi tí àpò ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó rán an kò kánjú. Mo gba èyí gbọ́ ju orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ sí ọrùn aṣọ lọ, torí pé àyédèrú lébẹ́ẹ̀lì ò ṣòroó rán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ohun tí wọ́n fi hun ún

Lébẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà nínú ẹ̀gbẹ́ aṣọ ló ṣe pàtàkì jù. "Cotton" ni òwú, "linen" ni aṣọ ọ̀gbọ̀, "wool" ni irun àgùntàn. Nínú ooru tiwa, òwú àti ọ̀gbọ̀ ló ń jẹ́ kí ara mí. Polísítà ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún á mú yín làágùn, òórùn òógùn kì í sì í tètè kúrò lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n pò pọ̀, bí òwú bá ju ìdajì lọ, ó dára fún aṣọ iṣẹ́ nítorí kì í rún púpọ̀.

Wọ́n sábà máa ń gé lébẹ́ẹ̀lì kúrò. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọlọ́jà, ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ nínú etí aṣọ, ẹ lọ sí ibi tí kò sí aṣọ, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó geere, á rùn bíi bébà tó ń jóná, eérú rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná. Polísítà á yọ́, á sún kì, á di kókó líle dúdú lẹ́nu fọ́nrán, òórùn ike ni ẹ ó sì gbọ́. Ẹ má dán an wò nídìí àtẹ o. Iná ti jó ọjà tó pọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: téèpù ni kí ẹ gbà gbọ́

Nọ́ńbà ara aṣọ ń yí padà láti ìlú dé ìlú. Gáùn tó jẹ́ 12 ní Gẹ̀ẹ́sì, 8 ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà mìíràn sì ni ní Jámánì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aṣọ lè ti sún kì níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn wa máa ń fi ìbàdí ṣòkòtò yí ọrùn ká: bí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn ọrùn, wọ́n ní ó máa bá ìbàdí mu. Ó máa ń ṣe déédéé fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ kì í ṣe fún ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ tàbí tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á kí télọ̀ tún un ṣe, ẹ ra èyí tó tóbi díẹ̀. Aṣọ ńlá ṣeé fún, aṣọ tó há kò ní ibi tí wọ́n fẹ́ fà á sí. Èjìká ni kó bá yín mu láìkù síbì kan, pàápàá ti kóòtù, torí pé títún èjìká kóòtù ṣe le, owó rẹ̀ sì lè ju ti kóòtù gan-an lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìnájà

Ẹ fi ohun tí ẹ rí lára aṣọ náà nájà, ẹ má fi ariwo nájà. Nǹkan báyìí ló máa ń lọ:

"Àǹtí, ẹ kú ọjà o. Èló ni gáùn yìí?"

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni, kọ́sítọ́mà mi. Fáàsì ni o."

"Mo rí i pé ó dáa. Ẹ wo síìpù rẹ̀ ná, kì í kọjá ibí yìí. Mo máa fún ọbíọmá lówó. Ẹ jẹ́ n san ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀."

"Há, kò gbà o. Owó bélì ti lọ sókè. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ wá."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kí n mú ṣẹ́ẹ̀tì kékeré yìí mọ́ ọn ní ẹgbẹ̀rún kan."

Bí ẹ bá ra méjì mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan, á dín in kù, á sì rántí yín lọ́jọ́ tó bá tún já bélì. Ẹ má fún un lọ́rùn jù o. Ẹni tó ń ta òkìríkà fọ́jú ra bélì ni: kò rí inú rẹ̀ kó tó sanwó, bí èyí tó bàjẹ́ bá sì pọ̀ nínú rẹ̀, òun nìkan ni àdánù náà bá. Èrè tó bá rí lára aṣọ tó dára ni yóò fi dí i.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ fọ̀ ọ́ kó tó kan ara

Inú ọ̀rá tí ẹ dì lẹ́nu ni kí aṣọ náà wà títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́. Ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí àga, torí ìdun a máa sá pamọ́ sí ojú ibi tí wọ́n ti rán an, lápálápá náà sì lè ti ara aṣọ ran ara. Aṣọ òwú, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ rẹ ẹ́, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, kí ẹ sá a sínú oòrùn líle. Bó bá gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ ní ìhà méjèèjì, kí áyọ́nù tẹ ojú rírán rẹ̀ dáadáa. Irun àgùntàn kò fẹ́ omi gbígbóná rárá, á sún kì di ti ọmọdé mọ́ yín lọ́wọ́: omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, ẹ má lọ́ ọ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbẹ.

Bí òórùn bélì bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ bu fínígà bí ìdajì ife sínú bákẹ́ẹ̀tì omi tí ẹ fẹ́ fi ṣàn án kẹ́yìn. Ẹ má da fínígà pọ̀ mọ́ Hypo tàbí ohun mìíràn tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun, nítorí èéfín tó máa jáde níbẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: télọ̀

Owó àtúnṣe wà lára owó aṣọ, ẹ ṣírò ó kí ẹ tó rà á. Ọbíọmá tó ń gbé ẹ̀rọ lé èjìká tó sì ń fi sísọ́ọ̀sì dún ní àdúgbò tó fún gígé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, rírán ìsàlẹ̀ gáùn àti pípààrọ̀ síìpù. Kóòtù àti gáùn tí wọ́n fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀, ẹ gbé e lọ bá télọ̀ tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò jíǹsì, ẹ gba èyí tí wọ́n gé lọ́wọ́ wọn. Òun ni ẹ máa fi lẹ orúnkún rẹ̀ bó bá ya, àwọ̀ rẹ̀ á sì bá a mu.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ rà

Pátá, kọ́mú àti ìbọ̀sẹ̀, ẹ ra tuntun. Ghana ti fòfin de kíkó irú aṣọ abẹ́nú bẹ́ẹ̀ wọlé láti 1994, ọ̀rọ̀ ìlera ló sì fà á. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń là wínníwínní, ẹ fi sílẹ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gbẹ, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ṣí. Bí ẹ bá ń ronú àtimáa ta òkìríkà fúnra yín, ẹ mọ̀ pé ìjọba Nàìjíríà fi aṣọ àlòkù sára ọjà tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè, àwọn aṣọ́bodè sì ń gba bélì lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o gba Kùtọnu àti Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá yá owó fi kó o, tí wọ́n sì gbà á, òun àti gbèsè ló kù.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé òkìríkà kọ́ ló pa iṣẹ́ aṣọ tiwa. Ó ní ọwọ́ níbẹ̀, n kò ní purọ́. Àmọ́ aṣọ tuntun tí wọ́n ń fà gba ẹ̀yìn wọlé àti àìsí iná mànàmáná ní ọwọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn náà wà lára ohun tó ti ilé iṣẹ́ United Nigerian Textiles pa ní Kàdúná ní 2007. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mò ń ra jíǹsì, kóòtù, súwẹ́tà àti ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ní òkìríkà, owó tó bá ṣẹ́ kù ni mo fi ń ra òfì Ìsẹ́yìn tàbí àdìrẹ Ìtòkú. Òfì kan tí wọ́n hun dáadáa, ọmọ yín á jogún rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: bí ó ṣe máa kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa aṣọ ẹbí. Àwọn òkè òkun kọ́ ló kó èyí jọ fún wa. Léèsì tí ẹ wọ̀ síbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá yín lẹ́ẹ̀kan, àńkárá ìsìnkú, gèlè tó bá a lọ: òkìríkà tó dára jù wà nínú àpótí yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì san owó rẹ̀. Ẹ tú gáùn gígùn rán di bùbá àti síkẹ́ẹ̀tì kúkúrú tí ẹ lè wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ fi ìyókù rán ti ọmọ. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ tó ń dá aṣọ lóṣooṣù, ẹ dá a lábàá pé kí wọ́n mú èyí tí wọ́n ti dá tẹ́lẹ̀ kí wọ́n sì yí àwọ̀ gèlè nìkan. Àwọn kan á kùn, àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ máa dúpẹ́ ni ẹni tó ti ń wá ibi tó ti máa yá owó aṣọ náà.

Èyí tó ṣì dára tí kò bá yín mu mọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ tó fún èèyàn. Ẹ má kó aṣọ ìdọ̀tí lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n nílò ná.

Èyí tó ti di àkísà, bó bá jẹ́ òwú, àwọn mẹkáníìkì àti akunlé máa ń wá a, nítorí ó ń fa epo àti ọ̀dà. Polísítà kì í fà á, nítorí náà ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ẹ yọ bọ́tìnnì, síìpù àti ìkọ́ rẹ̀ sínú agolo kan, kí ẹ gé àkísà náà ní ìwọ̀n aṣọ ìnujú, kí ẹ dì í, kí ẹ sì gbé e fún mẹkáníìkì yín nígbà tí ẹ bá tún gbé mọ́tò lọ.